Fótò Tó Wà Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ní kí n kọ nǹkan ránpẹ́ fún àwọn, mo sì ti mọ ohun tí màá kọ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ fótò ni.

Ẹ wo ìpàdé wa lóṣooṣù. Kí alága tó ní kí a dìde fún àdúrà, fóònù mẹ́wàá ti gòkè. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, a ó ya oúnjẹ. Bí àwọn ìyá wa bá wọ aṣọ ẹbí, a ó yà wọ́n níwájú, a ó tún yà wọ́n lẹ́yìn kí ayé lè rí bí gèlè ṣe dúró. Kí a tó délé, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú gúrúùpù WhatsApp. N kò sọ pé ó burú. Inú tèmi náà máa ń dùn bí mo bá rí ara mi nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olóòtú bẹ̀rẹ̀ sí í wá fótò àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó ti lọ, ti àwọn tó kú ní 1978 àti 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ó wà lára ògiri ilé ọmọ wọn, nínú férémù. Ti ẹni tó fi wá sílẹ̀ ní 2014, tí a jọ ń ya fótò ní gbogbo ìpàdé, òun ló di wàhálà. Gbogbo wa la ní in, kò sì sí ẹni tó rí i. Fóònù ẹnìkan ti bàjẹ́, wọ́n ti jí ti ẹnìkejì, ẹnìkẹta ti pa á rẹ́ kí àyè lè gba fídíò.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Nígbà tí a wà ní kékeré ní ìlú Jos yìí, iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko ni fótò yíyà. Bàbá mi á ti sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé ní Sátidé báyìí-báyìí, ilé fótò là ń lọ. Ìyá mi á fọ aṣọ, á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, á di irun fún àwọn obìnrin àárín wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni onífótò wa, ilé fótò rẹ̀ kò sì jìnnà sí Terminus. Ó ní aṣọ ńlá kan tó ta sẹ́yìn, tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí lára. Ó ní òdòdó oníke, ó ní rédíò kan lórí tábìlì kékeré tí kò fọhùn rí, torí fótò nìkan ló ṣe wà níbẹ̀. Ó tún ní aago ọwọ́ kan tó máa ń yá ẹni tí kò bá ní. Bàbá mi kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ó ní ẹni tó bá rí fótò náà nílé yóò bèèrè aago náà lọ́wọ́ òun bí òun bá débẹ̀.

Àṣẹ ni onífótò máa ń pa. "Ẹ jókòó dáadáa. Ẹ gbé ọwọ́ lé orúnkún. Ìwọ kékeré yẹn, má ṣẹ́jú!" Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín nínú fótò ìgbà náà. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague wá ṣe ìwádìí láàárín àwọn onífótò ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó kíyèsí ìjókòó yìí gan-an: ojú wo iwájú, ara dúró ṣánṣán, ọwọ́ wà lórí ẹsẹ̀, bí ó ṣe yẹ ẹni iyì. Ohun mìíràn tó rí níbẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, onífótò á ya èyí tó kù, á sì fọ fótò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó kù á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọ̀kan, á wọ aṣọ obìnrin fún ìkejì. Ohun tí àwọn ìyá ń fi ère ìbejì ṣe láyé àtijọ́, àwọn kan ti wá ń fi fótò ṣe é. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á mọ̀ pé fótò kì í ṣe eré lójú àwọn tó bí wa.

Mo fẹ́ padà sórí bàbá mi. Kì í gba kọ́ọ̀pì kan ṣoṣo. Mẹ́ta ló máa ń gbà. Ọ̀kan ni tiwa ní Jos. Èkejì ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Màsífà nítorí àdúgbò tí ilé ọkọ wọn wà. Ẹ̀kẹta ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣòwò ní Tamale, ní orílẹ̀-èdè Gáná. Ìyá mi a máa kùn pé owó kọ́ọ̀pì ẹ̀kẹta yìí ìbá ra ẹja ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ìjọba Gáná lé àwọn àlejò ní 1969, àpótí méjì péré ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé dé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò lọ́hùn-ún. Fótò wa wà nínú ọ̀kan. Láti ìgbà náà, ìyá mi kò sọ̀rọ̀ ẹja mọ́.

Kò sì sí fótò tó jáde nílé wa láìsí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni bàbá mi kà, ọwọ́ rẹ̀ sì gún régé. Èyí ni ọ̀kan nínú wọn: "Jos, 13 Mar. 1971. Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, àwọn ọmọ yín nìyí. Èyí tó dúró lápá òsì ti wọ ilé ìwé. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ẹ kò tíì rí. Ó ti ń rìn. Ẹ bá wa kí ará ilé." Ó tán. Á fi ìwé ìròyìn wé e, á fi rán dírẹ́bà lọ́rì tàbí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé, ó sì di ọjọ́ tí ẹnìkan bá ti ilé dé kí a tó mọ̀ bóyá ó débẹ̀.

Ìyá Màsífà kò mọ ìwé kà. Ọmọ ilé ìwé kan nínú agbo ilé ló máa ń ka ẹ̀yìn fótò fún wọn, wọ́n á ní kó tún un kà títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n sórí. Lẹ́yìn náà, bí àlejò bá dé, wọ́n á gbé fótò náà jáde, wọ́n á fi iwájú rẹ̀ hàn án, wọ́n á dojú rẹ̀ dé, wọ́n á sì "ka" ẹ̀yìn rẹ̀ fún un, nígbà mìíràn tí orí ìwé náà wà nísàlẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ilé fún ìsinmi, n kò tíì sọ orúkọ mi tán tí àwọn èèyàn tí n kò rí rí fi ń sọ fún mi kíláàsì tí mo wà. Àjò kì í dùn kó dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ní tiwa, fótò ti ṣáájú wa relé.

Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú fótò 1971 yẹn ni àbúrò mi tó tẹ̀lé mi. Èèyi pa á ní 1973. Fótò kan ṣoṣo yẹn ló yà láyé. Ẹ mọ bó ṣe ń rí nílẹ̀ wa, a kì í dárúkọ ọmọ tó kú lójú ìyá rẹ̀. Bàbá mi yọ fótò náà níbi tó wà nínú álúbọ́ọ̀mù, ó kì í bọ ẹ̀yìn fótò ìgbéyàwó kan. Ìyá mi mọ ibi tó wà. Kò sọ ọ́ rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀.

Bàbá mi kú ní 1996. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án, 2001, ni rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí wà níbẹ̀, n kò ní máa ròyìn ohun tí ojú yín rí fún yín. Bárékè ni a sùn fún òru mẹ́rin. Nígbà tí a padà, ògiri nìkan ló dúró. Maṣín-ìn ìránṣọ ìyá mi jóná, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí mi, aṣọ gbogbo wa, àti álúbọ́ọ̀mù mẹ́rin. Négátíìfù kò sí níbì kankan, nítorí onífótò wa ti kú tipẹ́, àwọn tó ra ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ti da gbogbo ẹrù rẹ̀ nù. Ìyá mi ka ohun tó jóná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka maṣín-ìn, ó ka ìkòkò, kò sunkún. Ní ọjọ́ kẹta tí a dé ibi tí wọ́n gbà wá sí, ó kàn ṣàdédé bi mí pé, "Fótò ọmọ yẹn ńkọ́?" Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n nìyẹn tí ọmọ náà ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ìyá mi.

N kò rí èsì kankan fún un.

Ní oṣù Kejìlá 2002, a lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá Màsífà ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú wọn ṣì ríran. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n ní kí n bá àwọn fa àpótí páànù kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìròyìn wà nínú rẹ̀, ọ̀rá wà nínú ìwé ìròyìn, fótò sì wà nínú ọ̀rá. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 31. Gbogbo èyí tí bàbá mi ti fi ránṣẹ́ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló wà níbẹ̀, tòun ti ìkọ̀wé rẹ̀ lẹ́yìn. Ti 13 Mar. 1971 wà láàárín wọn. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi tí bàbá mi ti kọ ọ́ pé "Ó ti ń rìn," Ìyá Màsífà bá mi parí rẹ̀ láìwo ìwé.

Ẹ̀yin á rò pé wọ́n kó fótò náà fún wa. Rárá o! Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, èmi ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ẹ bá mi wò ó, kí ẹ dá a padà." Ní ọjọ́ kejì, a jọ lọ sọ́dọ̀ onífótò kan nínú ìlú, ó ya fótò láti ara fótò, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí 31 fi pé. Ìyá Màsífà jókòó tì í lórí àga látàárọ̀, wọn kò jẹ́ kí fótò kan kúrò lójú wọn. Nígbà tó parí, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, wọ́n fi ọ̀rá sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ní kí n ti àpótí wọlé. Ìyá mi bínú díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi kò bínú. Gbogbo ohun tí a tọ́jú fún ara wa ló jóná. Èyí tí a fi fún ẹlòmíràn, tó sì gbà pé tòun ni, òun ni a rí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, oṣù kan ṣáájú rògbòdìyàn yẹn, ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìpè àti tẹ́ẹ̀sì ni tiwọn nígbà náà, kò sí kámẹ́rà lára wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bọ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, 1997, ìyàwó ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philippe Kahn bímọ obìnrin ní ilé ìwòsàn kan ní California. Ọkọ so kámẹ́rà, fóònù àti kọ̀ǹpútà pọ̀ níbẹ̀, ó ya ọmọ tuntun náà, ó sì fi fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí bàbá mi fi gègé àti ọkọ̀ lọ́rì ṣe náà ni: ọmọ kan dé, ẹ kò tíì rí i, ẹ wò ó.

WhatsApp jáde ní 2009, a sì mọ ìyókù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ lẹ́nu mi pé ayé àtijọ́ dára ju tòní lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìyàwó ọmọ mi bímọ ní Leeds, mo rí ojú ọmọ náà kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́. Ìyá Màsífà dúró oṣù mẹ́ta fún irú rẹ̀. N kò ní fi èyí tí mo ní ṣe pàṣípààrọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù. Fótò òde òní kò ní ẹ̀yìn. Ó ń wọlé láìsí orúkọ, láìsí ọjọ́, láìsí "ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n." Ó tún ń wọlé sọ́dọ̀ igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ọ̀kan nínú igba náà tó rò pé òun ni wọ́n ní kó tọ́jú rẹ̀. Ìyá Màsífà mọ̀ pé bí fótò yẹn bá sọnù lọ́wọ́ àwọn, ó sọnù nìyẹn. Ta ló ń ro bẹ́ẹ̀ nínú gúrúùpù?

Àwọn ohun kéékèèké tún wà tí ọ̀pọ̀ wa kò fiyè sí. Bí a bá fi fótò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí a ṣe máa ń ṣe é, ó ń fún un pọ̀ kó má baà jẹ dátà. Lórí fóònù, ojú kò rí i. Gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé kí wọ́n mú un tóbi fún férémù, ojú ẹni á ṣú bàìbàì. Ẹni tó bá fẹ́ kí fótò rẹ̀ dé ní pípé, kó fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. Àwọn mìíràn ní orí Google ni tàwọn wà. Ó dára, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, 2021, ohun gbogbo tí a bá kó síbẹ̀ ń wọ inú 15GB tí wọ́n fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, tòun ti lẹ́tà inú Gmail wa. Bó bá kún, owó ni. Ọ̀rọ̀ pásíwọ́ọ̀dù náà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan kú lójijì, fóònù rẹ̀ kún fún fótò, kò sí ẹni tó mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i. Fótò ìgbéyàwó rẹ̀ ti 1989 ni wọ́n lò fún ìwé ìsìnkú. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá sí ìsìnkú náà ń bi ara wọn pé ta ni ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí.

Kí n tó gbàgbé, ẹ rántí àwọn onífótò òde tí a ń sá fún láyé ìjọ́sí? Bí a bá lọ síbi ìkómọ tàbí òkú àgbà, wọ́n á yà ọ́ nígbà tí ẹnu rẹ kún fún ìrẹsì. Kó o tó fọwọ́, wọ́n ti lọ fọ̀ ọ́ dé, wọ́n ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ti gbogbo àlejò, bí ẹni tó ń ta àwo. A ń bú wọn pé olè ni wọ́n. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìdajì fótò tí mo ní láti 1995 sí 2005, ọwọ́ wọn ni mo ti rà á, tìjà-tìjà. Kí Ọlọ́run bá wa san án fún wọn.

Ọ̀tọ̀ ni fótò tí kì í ṣe tiwa láti pín. Ní 2019, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa kú sí ilé ìwòsàn kan nínú ìlú yìí. Ẹnìkan tó wá kí i ya fótò rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e sórí gúrúùpù pẹ̀lú "RIP" àti ọwọ́ àdúrà mẹ́fà. Ọmọ bàbá náà obìnrin wà ní ọjà ní Port Harcourt. Ojú fóònù ló ti rí i, láàárín àwọn tó ń ná ẹja. Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ àgbà ni títúfọ̀. A ń lọ méjì-mẹ́ta, a ń jókòó, a ó kọ́kọ́ ní ara bàbá kò yá, a ó ní kó palẹ̀ mọ́ ká jọ máa lọ, a ó rí i pé ẹnìkan wà tó lè dì í mú kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó gba àwọn bàbá wa ní ọ̀pọ̀ ìran kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìka kan ló bà á jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá. Inú bí mi nígbà náà, inú ṣì ń bí mi.

Àwa tí a ń gbé Jos tún mọ èyí tó burú jùyẹn lọ. Ní oṣù kìíní 2010, tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Nígbà tó yá, fótò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lóru kan, òkú ènìyàn lójú títì, wọ́n ní ní Jos níbí ni, ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo na ojú rẹ̀ tóbi. Pátákó kan wà lẹ́yìn, lẹ́tà tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti èdè kankan tí wọ́n ń kọ ní Nàìjíríà. Fótò tí kò ní ẹ̀yìn, ẹni tó bá fẹ́ ló ń kọ ẹ̀yìn fún un. N kò fi ránṣẹ́ síwájú, mo sì pe ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi, mo ní kó wo pátákó náà dáadáa.

Ní tèmi, ní gbogbo oṣù Kejìlá, mo máa ń yan fótò méjìlá nínú gbogbo èyí tó wọ fóònù mi lọ́dún náà. Ìyàwó mi a máa bá mi yàn án, àríyànjiyàn rẹ̀ a sì máa gbà wá ní alẹ́ méjì. Mo ń tẹ̀ wọ́n ní kọ́ọ̀pì méjì-méjì. Ẹ̀yìn ìwé fótò ìsinsìnyí ń dán, pẹ́ńsù kì í mú un, bírò sì tètè ń parẹ́, nítorí náà máákà ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń kọ̀wé sí i: orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, ibi tí a ti yà á, ọjọ́, àti gbólóhùn kan fún ẹni tí mo ń fi í ránṣẹ́ sí. Ìyá Màsífà lọ ní 2006, ìyá mi ní 2011. Ọmọ-ọmọ Ìyá Màsífà ló ń gbé yàrá náà báyìí, òun ni mo ń fi kọ́ọ̀pì kejì ránṣẹ́ sí. Àwọn ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín pé èmi nìkan ló kù ní ayé tó ń fi fótò rán dírẹ́bà. Ọmọ-ọmọ yẹn sọ fún mi lórí fóònù pé òun ti ra àpótí kejì.

Mo ti bá akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ọ́ pé kí a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún fótò ẹgbẹ́ náà, ó sì ní òun á gbé e wá sí ìpàdé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́ lé lórí nísinsìnyí ni èyí. Nínú fótò 31 yẹn, ọ̀kan wà tí obìnrin méjì dúró nínú rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi ni èyí tó wà lápá ọ̀tún. Èkejì ga jù ú lọ díẹ̀, ó wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó wé gèlè funfun, ó gbé ọmọ pọ̀n, ẹsẹ̀ ọmọ náà kan ṣoṣo ló hàn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá mi kọ "Jos, Ọjọ́ Àjíǹde, 1968. Ìyàwó yín àti ọ̀rẹ́ rẹ̀." Orúkọ kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́, fótò mìíràn ló wà lọ́wọ́ ìyá mi, n kò sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bi í lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó ní ará Ọ̀fà ni, ṣùgbọ́n orúkọ ti lọ lọ́kàn òun. Ọmọ tó pọ̀n yẹn á ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún tàbí kó kù díẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ wọ́n, tàbí ẹ ní ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n kan nílé tó lè mọ̀ wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Kọ́ọ̀pì kan wà lọ́wọ́ mi tó jẹ́ tiwọn.